Ọmọ Pupa Abẹ́ Bááṣì

Bienvenu kò kí i. Ohun tó kọ́kọ́ já Philomène láyà nìyẹn, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í pè é láti Libreville kó má kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe jí, bí ìyá ṣe jí, bí àwọn ará àdúgbò ṣe jí, àfi bí ẹni pé gbogbo ìlú Kétu ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yìí, bí ó ti gbé pọ́tábù sétí ni ìbéèrè balẹ̀.

“Philo, kí ló ṣe ọmọ mi?”

“Kí ló ṣe é? Ó ń sùn. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló mu ọmú tán.”

“Mo rí fótò tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ náà pọ́n. Ó pọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìbẹ́pẹ. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ò rí i ni?”

Philomène rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìkókó, ọmọ pupa lẹ bí. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní bàbá yín àgbà ló jọ.”

“Bàbá mi àgbà ò pupa báyìí rí. Philo, gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Báyìí gẹ́lẹ́ ni Ṣeun ṣe pọ́n.”

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ Philomène lẹ́nu. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ti pe orúkọ yẹn nínú ilé náà.

Ṣeun ni àkọ́bí wọn. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́rin, Philomène rí i pé ojú ọmọ ń pọ́n, ó sì sọ fún Adéoyin, ìyá ọkọ rẹ̀. Adéoyin wo ọmọ náà nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ tó, ó ní ara ọmọ tuntun a máa pọ́n, a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Ó fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ó ní lópítà kọ́ ló kàn, nítorí ọmọ kì í rékọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọjọ́ ìkómọjáde tó pé. Wọ́n dúró. Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n kó ọmọ jáde sí gbangba pẹ̀lú orin àti ayọ̀, oòrùn sì tàn sí i, gbogbo àwọn tó pé jọ rí ohun tí yàrá ti ń bò mọ́lẹ̀. Ọmọ náà pọ́n rúsúrúsú dé inú ẹyinjú. Wọn kò tíì jẹun ìsọmọlórúkọ tán tí wọ́n fi gbé e sáré lọ sí lópítà. Ibà pọ́njú ni. Ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń pa òwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Adéoyin a dìde kúrò níbẹ̀. Bienvenu ní tirẹ̀ kò bá ìyá rẹ̀ jà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ó di irinṣẹ́ káfíntà rẹ̀ sínú àpò, ó gba Gàbọ̀n lọ. Kérésìmesì tó kọjá ló wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oyún ọmọ yìí ló sì fi sílẹ̀ lọ.

“Gbé e lọ sí lópítà,” ni Bienvenu wí báyìí. “Lónìí. Má dúró gbọ́ tẹnikẹ́ni.”

Àwọn méjèèjì mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹnikẹ́ni. Philomène ní òun ti gbọ́, ó pa pọ́tábù, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí aṣọ funfun kan, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè. Nítorí òjò ìgbà ìkórè kejì, àwọn ará ilé ti kan bááṣì tuntun bo iwájú ilé láti òrùlé dé ara òpó, kí àlejò ìkómọjáde má bàa rẹ. Àwọ̀ ìyeyè ni bááṣì náà, irú ike fífẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìlárá fi ń bo ẹrù. Ó ti wà níbẹ̀ kí Philomène tó gbé ọmọ dé láti ilé ìgbẹ̀bí. Ilẹ̀kùn ni, fèrèsé ni, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn kọjú sí. Ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí ìyá àti ọmọ ti wà níbẹ̀, nítorí ọmọ kò gbọdọ̀ jáde.

Láàárọ̀ ni ó ya fótò náà. Ó fẹ́ kó dára. Ó ti gbọ́ pé fótò tí kò bá ní ìmọ́lẹ̀ a máa sọ ojú ènìyàn di ẹ̀yìn ìkòkò, nítorí náà ó dúró títí oòrùn fi gun orí bááṣì, ó gbé ọmọ sí ibi tó ti ń tàn jù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ń dán bí wúrà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá wo ọmọ náà báyìí, kò rí wúrà kankan mọ́. Ó rọra fi ìka gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Inú ojú náà pọ́n.

Adéoyin jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà tí wọn yóò sè lọ́tunla.

“Ìyá, Bienvenu ló pè. Ó ní ọmọ yìí pọ́n.”

“Ọmọ pupa ni,” ni Adéoyin wí, kò gbójú sókè kúrò lórí àtẹ.

“Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lórí Ṣeun.”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí Philomène tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé e mì. Adéoyin gbé àtẹ sílẹ̀, ẹ̀wà dà sí i lẹ́sẹ̀, kò ṣà á. Ó fi orúnkún rìn dé ìdí ẹní, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà pẹ́.

“Ó pọ́n,” ó wí. “Àbí kò pọ́n? Philo, mi ò mọ̀ mọ́. Ojú mi yìí ti tàn mí jẹ rí.”

“Mo fẹ́ gbé e lọ sí lópítà.”

“Ọjọ́ kẹfà la wà.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Ọjọ́ méjì péré ló kù. Àwọn ará Okpomèta ti ránṣẹ́ pé…”

“Ìyá, mo ní mo mọ̀.”

Philomène ti dìde dúró. Ó ti ń to gbogbo ohun tí yóò sọ sínú, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé kì í sọ sí ìyá ọkọ, kò sì bìkítà bí wọ́n bá lé e padà sí Adakplamè lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nítorí wọn. Ẹnu rẹ̀ ló fẹ́ là nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan ní ojúde.

“Àgò onílé o! Èmi Táòfíkì ni. Mo wá wo ìmọ́lẹ̀.”

Kò sí ẹni tí kò mọ Táòfíkì ní Kétu. Ogójì ọdún ló fi ya fótò fún gbogbo ìlú, onígbàgbọ́ àti ìmàle. Láti ìgbà tí pọ́tábù ti dé ọwọ́ tọmọdé tàgbà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń dirun, ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde bá kan ènìyàn, òun náà ni wọ́n ń padà lọ bẹ̀. Ó ní àṣà kan. Bí ọjọ́ bá ku méjì, ní wákàtí tí ayẹyẹ yóò bẹ̀rẹ̀ gan-an, yóò wá sí ilé náà, yóò di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, yóò gbé e sókè, yóò máa yí i káàkiri àgbàlá láti rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sí i dáadáa. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé Bàbá Fótò ń bá afẹ́fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́.

Ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, ó gbé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè lábẹ́ bááṣì, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó pòṣé.

“Ìyá Bienvenu, ta ló gbé nǹkan yìí síbí?”

“Táòfíkì, a ò ráyè ọ̀rọ̀ fótò báyìí.”

“Ẹ ò ráyè kẹ̀? Ọ̀tunla mà ni! Ẹ gbọ́, ìmọ́lẹ̀ ibí yìí ti bàjẹ́. Bí mo bá to àwọn ènìyàn yín síbí ya fótò, gbogbo wọn pátá ni yóò dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.”

Ó wo Adéoyin, ó wo Philomène, ó wá rántí ilé tí òun wà. Òun kọ́ ló ya Ṣeun lọ́jọ́ kẹjọ yẹn?

“Ẹ má bínú,” ó wí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu ló gbé mi.”

Ṣùgbọ́n Philomène ti na pọ́tábù sí i. “Bàbá, ẹ tún un sọ. Ẹ wo èyí, kí ẹ tún ohun tí ẹ sọ yẹn sọ.”

Táòfíkì fa gíláàsì ojú rẹ̀ yọ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó mú pọ́tábù jìnnà sí ojú.

“Ta ló yà á?”

“Èmi ni.”

“O gbìyànjú, ojú ọmọ hàn dáadáa. Aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí, àwọ̀ wo ni?”

“Funfun ni.”

“Nínú fótò ńkọ́?”

Philomène tẹ orí ba fótò náà. Láti òwúrọ̀, ojú ọmọ nìkan ló ń wò. Aṣọ náà pọ́n bí àgbàdo. Ìka ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, tó yọ létí fótò níbi tó ti di orí ọmọ mú, pọ́n pẹ̀lú.

“Ó pọ́n,” ó wí.

“Ìwọ náà pọ́n. Ṣé ibà ń ṣe aṣọ ni?”

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, yóò rẹ́rìn-ín. Ó rọ̀ jókòó sórí àpótí, ẹ̀rù náà sì dín díẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a máa sá.

“Bàbá, aṣọ kì í kú,” ó wí. “Ṣé ẹ lè búra pé nǹkan ò ṣe ọmọ náà? Bó bá jẹ́ pé òun náà pọ́n lábẹ́ pípọ́n bááṣì yìí ńkọ́?”

Táòfíkì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń purọ́ láti fi tu ènìyàn nínú.

“Mi ò lè búra. Ìmọ́lẹ̀ dà bí omi. Èyí tó bá gba orí ilẹ̀ pupa wá, pupa ni yóò dé. Níbí yìí, ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tára rẹ̀ le, ọ̀kan náà ni wọn. Ẹ gbé e dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́, kí ẹ wò ó.” Ó nàka sí òdìkejì àgbàlá. “Lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná yẹn, nínú òjìji, kí ojú rẹ̀ kọ sí òkè.”

“Ìta nìyẹn,” ni Adéoyin wí.

“Ìta ni.”

“Ẹ jẹ́ kí a tú bááṣì yìí kúrò.”

Táòfíkì wo òkè. Ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi òrùlé, wọ́n sì tún fi wáyà dè é. “Àkàbà dà?”

“Àwọn tó kàn án ti gbé e lọ sóko.”

“Ó di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.”

“Ìrọ̀lẹ́,” ni Adéoyin tún wí. Ó wo ọmọ tó sùn sórí ẹní, ó wo ojúde níbi tí oòrùn ti ń kọ mànà lórí ilẹ̀ pupa. “Mo ti dúró rí,” ó wí.

Ó so ìró rẹ̀ le. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà tòun ti aṣọ funfun abẹ́ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gba àárín àgbàlá kọjá. Obìnrin tó ti bá gbogbo ìyàwó agbo ilé náà jà lórí ọjọ́ kẹjọ, tó ti lé agbẹ̀bí kan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ọjọ́ kẹjọ, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Philomène dúró lójú kan pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ìjà tó ti tò sínú. Kò sí ẹni tí yóò bá jà mọ́. Ó sáré tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ má dúró sójú oòrùn o!” ni Táòfíkì ń ké bọ̀ lẹ́yìn. “Oòrùn gangan a máa gbẹ́ kòtò sójú ènìyàn. Ẹ wọ inú òjìji. Ẹ yí padà díẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ fa aṣọ funfun náà wá sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, yóò da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Ó tó. Ẹ má mira.”

Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rọ̀, kò sì ní àwọ̀ kankan. Aṣọ náà padà di funfun. Atẹ́gùn kan ọmọ náà lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kejì rẹ̀ láyé, ó rúnjú, ó yán, ó sì la ojú méjèèjì.

Inú wọn funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Philomène kò fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ìka tẹ orí imú ọmọ, ó sì gbé ìka kúrò, bí agbẹ̀bí ṣe kọ́ ọ lẹ́yìn tí Ṣeun ti lọ, kó wo àwọ̀ tí yóò wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Kò pọ́n. Ó tẹ àyà. Kò pọ́n. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo èrìgì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ bínú, ó fi igbe ta.

Adéoyin tẹ etí ọmọ síwájú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí àwọn àgbà máa ń wò láti mọ àwọ̀ tí ọmọ yóò ní bó bá dàgbà. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bọ̀ wá sórí aṣọ.

“Ta ló ní ọmọ pupa? Ẹ wá wo etí! Ọmọ pupa ibo? Adúmáadán ni! Àwọn tó wá kí wa ò mọ nǹkan kan, bááṣì ni wọ́n ń kí!”

Táòfíkì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Philomène jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ igi ìdáná kalẹ̀ fún un lórí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Táòfíkì, kò mọ ti ẹni tó ń ṣáájú.

“Dìde, mú pọ́tábù rẹ,” ni Táòfíkì wí fún un. “Má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí lọ lásán.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yà á, Bàbá.”

“Rárá o. Tìrẹ ló dẹ́rù ba ọkọ rẹ, tìrẹ náà ni kó tù ú nínú. Sún mọ́ wọn. Àárín ojú ọmọ ni kí o fi ìka kàn kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ó dára. Tẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ló wà níbẹ̀, dúdú rẹ̀, funfun ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó là gbàgà fún igbe, àti ọwọ́ Adéoyin tó hunjọ tó gbé e dání. Ó fi ránṣẹ́ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

“A ṣì máa dé lópítà,” ó wí.

“A máa dé ibẹ̀,” ni Adéoyin dáhùn. “Táòfíkì kì í ṣe dókítà.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi,” ni Táòfíkì wí.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, nítorí lópítà kò jìnnà. Lẹ́yìn ọjà, Àsíátù tó ń ta gàrí gbé ọwọ́ lé àyà nígbà tó rí ohun tí Adéoyin gbé dání.

“Ìyá Bienvenu! Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé ọjọ́ kẹjọ ti pé ni?”

“Ọmọ ti jáde,” ni Adéoyin wí, kò dúró. “Ẹ wá jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ́tunla.”

Flora, agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́, gbé ọmọ náà lọ sí ojú fèrèsé, ó tú u sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó béèrè bó ṣe ń mu ọmú, ó béèrè bó ṣe ń tọ̀. Ó ní kò sí ibà pọ́njú kankan, kí wọ́n ṣáà máa gbé e bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n lè máa rí i. Ó wo Adéoyin bó ti ń sọ èyí, bóyá ó rántí pé obìnrin yìí ló lé òun padà lẹ́nu ọ̀nà. Adéoyin ní, “A gbọ́, ọmọ mi. A dúpẹ́.”

Wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ abẹ́ igi níta, Adéoyin gbé ọmọ lé itan. Pọ́tábù dún.

“Mo ti rí i,” ni Bienvenu wí. “Philo, mo ti rí i. Ojú rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni mo wà, mo sá wá sẹ́yìn igi pákó kí wọ́n má bàa rí mi.”

“Lópítà la wà. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàáfíà ni. Bááṣì ló fa gbogbo wàhálà yìí, màá ròyìn fún yín.”

Bienvenu ní, “Ọwọ́ ta ló gbé e nínú fótò yẹn?”

“Ọwọ́ Ìyá ni.”

“Níta gbangba?”

“Níta gbangba. Àwọn fúnra wọn ló gbé e jáde. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn.”

“Gbé e fún wọn kí n bá wọn sọ̀rọ̀,” ni Bienvenu wí.

Adéoyin fi ọwọ́ méjèèjì gba pọ́tábù. Ó gbọ́ ohun tí Bienvenu sọ sí i, ó mi orí bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. “Àlàáfíà ni,” ó wí. “Ó dúdú bí ìwọ.” Ó tún gbọ́. Ó wá sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún: “Bienvenu, ti Ṣeun… èmi ni mo dá yín dúró. Mo mọ̀. Kò sí ọjọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n.”

Philomène gba ọmọ lórí itan rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun àga lọ́hùn-ún, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì fún un lọ́mú. Kò fẹ́ gbọ́ ìyókù. Nígbà tó pẹ́, Adéoyin na pọ́tábù sí i lókèèrè, ojú rẹ̀ tútù fún ẹkún, bí ẹni tó fẹ́ dá a padà fún un. Philomène mi orí. Ó ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wọn lọ.